Sasofóònù Olówó Pọ́ọ́kú àti Ti Olówó Gọbọi: Ṣé Wọ́n Lè Bára Dọ́gba?

Bí ènìyàn bá rìn láti ẹ̀yìn Polí wọ Apẹ̀tẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kò ní rìn jìnnà kí ó tó gbọ́ fèrè sasofóònù. Bí kò bá dún ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lápá ọ̀tún, yóò dún ní èyí tó wà lápá òsì. Àwọn kan ń dún bí ohùn ènìyàn tó ń bẹ̀bẹ̀, ara ẹni á sì bù máṣọ. Àwọn mìíràn ń dún bí ewúrẹ́ tí okùn fún lọ́rùn. Lẹ́yìn ìsìn, bí ọ̀rọ̀ fèrè bá délẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ kò ju méjì lọ. Àwọn kan á ní, "Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Fèrè olówó gọbọi ni ti ọ̀gbẹ́ni yẹn." Àwọn kejì á ní, "Irọ́ ni. Ẹni tí kò mọ ijó jó ló ń sọ pé ìlù kò dùn. Ẹnu àti ìka ló ń fun fèrè, kì í ṣe owó."

Mo fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí wò dáadáa, nítorí pé àwọn òbí wa máa ń fi ọ̀kan nínú wọn pinnu ohun tí wọ́n máa rà fún ọmọ. Èrò tèmi ni pé òtítọ́ wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó pé. Sasofóònù olówó pọ́ọ́kú lè bá ti olówó gọbọi dọ́gba létí ẹni tó ń gbọ́, bí ó bá wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Lọ́wọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ sasofóònù alto ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. N kò ní fèrè tèmi. Mo máa ń dúró kí àwọn tó jù mí lọ parí, kí n tó yá tiwọn lò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màmá mi, tó ń ta èlùbọ́, dá àjọ oṣù mẹ́jọ láìsọ fún mi. Nígbà tí ó kó àjọ náà, ó ní kí n wọṣọ kí á lọ sí Dùgbẹ̀. ₦230,000 ni a ra fèrè náà. Orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára, n kò rí i níbòmíràn rí. Ṣùgbọ́n ó ń dán gbinrin, aṣọ pupa múlọ́múlọ́ sì wà nínú àpótí rẹ̀. Nígbà tí a wọ mọ́tò padà, orí itan mi ni mo gbé e sí títí a fi dé ilé.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí àwọn ohùn ìsàlẹ̀ fi kọ̀ láti jáde. Bí mo bá fẹ́ fun ohùn tó rẹlẹ̀ jù, fèrè náà á kọ́kọ́ mí hìn-ìn, á wá fò lọ sí ohùn òkè bí ẹni tí iná jó lẹ́sẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé èémí mi kò tó. Mo gbà. Mo ń jí ní aago márùn-ún ìdájí láti máa fi èémí ti bébà mọ́ ògiri kí ó má bọ́, kí àyà mi lè gbà sí i. Èémí mi pọ̀ sí i, ohùn kò jáde. Wọ́n ní ẹnu mi ni kò mú fèrè dáadáa. Mo yí ọ̀nà tí mo fi ń mú un padà, títí ètè ìsàlẹ̀ mi fi bó. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń jà fún nǹkan bí ọdún kan. Ní ìkẹyìn, mo sọ fún màmá mi pé kí a tà á, pé fèrè kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Kò dá mi lóhùn. Ó kàn ń jọ èlùbọ́ rẹ̀ lọ.

Bọ̀ọ̀dá kan tó ń kọ́ nípa orin ní Polí Ìbàdàn ló gbà mí. Ó wá sí ilé wa ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ti mú iná lọ. Mo fẹ́ tan fìtílà, ó ní kí n má tíì tàn án. Ó so tọ́ọ̀ṣì kékeré kan mọ́ okùn, ó rọra sọ ọ́ sínú fèrè, ó sì ní kí n tẹ gbogbo ihò rẹ̀ pa bí ẹni tó fẹ́ fun ohùn tó rẹlẹ̀ jù. Nínú òkùnkùn yẹn, mo rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń yọ láti ojú mẹ́rin lára fèrè mi. Ó ní, "Àbúrò mi, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ráyè jáde, afẹ́fẹ́ náà á ráyè. Èémí rẹ tó. Ńṣe ni fèrè yìí ń jí i kó."

Ọkùnrin kan tó ń tún fèrè ṣe gba ₦18,000 lọ́wọ́ wa. Ó pààrọ̀ páàdì mẹ́rin, ó sì tún irin tó ti tẹ̀ ṣe. A fi ₦25,000 ra orí mìíràn fún un, ìyẹn ibi tí a ń fi sẹ́nu. Ní ọjọ́ tí mo gbé e dé ilé, mo fun ohùn tó rẹlẹ̀ jù, ó sì jáde, ó dún kìjikìji. Èémí tí mo ń lò láti ọdún kan náà ni. Ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì gbọ̀n mí.

Kí ó má baà dà bí idán, ó yẹ kí a mọ bí sasofóònù ṣe ń ṣiṣẹ́. Adolphe Sax, ọmọ ìlú Dinant ní Belgium, tí wọ́n bí ní 1814, ló ṣe é. Ní 1846 ni ìjọba ilẹ̀ Faransé fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Idẹ ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n idẹ náà kọ́ ni orísun ohùn. Pèlébé kan wà lórí rẹ̀ tí à ń pè ní rídì, ara esùsú ni wọ́n ti ń gé e. Bí a bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, rídì yìí á máa gbọ̀n, afẹ́fẹ́ inú fèrè á sì máa gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ihò tó wà lára fèrè ju ogún lọ. Páàdì, ìyẹn ìdérí róbótó tí wọ́n fi awọ bò, ló ń dé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí a bá fẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dé pátápátá. Bí ẹyọ kan bá ṣí díẹ̀ bí ìbú irun orí, ohùn á bàjẹ́.

Níbo wá ni owó fèrè olówó gọbọi ń lọ? Kì í ṣe ara dídán ni. Ó ń lọ sí irin tó le tí kì í tètè tẹ̀, sí ojú ihò tó tẹ́jú kí páàdì lè jókòó sórí rẹ̀ dáadáa, àti sí ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ tó ń fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó jáde. Ó tún ń lọ sí ìwọ̀n inú fèrè, nítorí bí ìwọ̀n yẹn bá yẹ̀ díẹ̀, àwọn ohùn kan á ga jù, àwọn mìíràn á lọ sílẹ̀ jù. Orúkọ náà ń gba owó. Ilé-iṣẹ́ Selmer ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tí wọ́n pè ní Mark VI ní 1954, àwọn olórin ṣì ń wá a títí di òní, owó rẹ̀ sì ń gòkè sí i bó ṣe ń gbó. Ní ti fèrè olówó pọ́ọ́kú, iye tí ilé-iṣẹ́ lè ṣe lóòjọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n lè lo idẹ kan náà, kí wọ́n sì ya àwòrán kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dúró yẹ ojú ihò kọ̀ọ̀kan wò.

Àwa tí a gbọ́ ìlù nílé yìí, kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa láti lóye. Àwọn àgbà máa ń sọ pé igi ọ̀mọ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn lójoojúmọ́, ni wọ́n ń gbẹ́ ní ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí igi bá dára tó, bí awọ kò bá nà, tí ọṣán kò sì le, kí ni àyàn fẹ́ fi gángan náà sọ? Igi ṣe pàtàkì, ìfọwọ́sí ló ń parí rẹ̀. Bákan náà ni fèrè. Fèrè mi kò gbówó lórí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe é ni pé kò sí ẹni tó parí rẹ̀ kí wọ́n tó tà á fún wa.

Lẹ́yìn tí a tún un ṣe, a dán an wò ní kíláàsì wa. Bọ̀ọ̀dá náà yá sasofóònù Yamaha kan, irú èyí tí àwọn tó fi orin ṣiṣẹ́ ń lò, tí owó rẹ̀ ju ti tèmi lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Ó dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì, ó fi fèrè méjèèjì fun orin kan náà, ó sì ní kí a kọ èyí tí a rò pé ó wọ́n sínú bébà. Àwa méjìdínlógún la wà níbẹ̀. Mọ́kànlá nínú wa ló pe fèrè màmá mi ní olówó gọbọi. Kíláàsì hó yèè. Àwọn tó ń sọ pé "ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á" kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́.

Bí mo bá dúró síbẹ̀ yẹn, àròkọ mi ì bá ti parí, ìdáhùn mi ì bá sì jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni". Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ̀ọ̀dá náà jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, mo rí i pé òógùn ti bò ó. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Yamaha yẹn, mo kàn fun ún ni. Tìrẹ, mo ń bá a jà." Ó fi áàpù tó ń wọn ohùn lórí fóònù rẹ̀ hàn mí: ohùn mẹ́ta lórí fèrè mi ló ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá ti dé orí wọn, ńṣe ló ń dẹ ẹnu rẹ̀ kí ohùn náà lè wálẹ̀. Ó ti fun fèrè fún ọdún mẹ́sàn-án, etí rẹ̀ ń kìlọ̀ fún un, ẹnu rẹ̀ sì ń tún un ṣe kí àwa tó gbọ́. Lẹ́yìn èyí, ó ní kí èmi náà fun méjèèjì. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì tó ṣì í lọ́tẹ̀ yìí. Lórí Yamaha, mo dún bí ẹni tó ti kọ́ ọ fún ọdún méjì sí i.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí àwọn tó ń jiyàn kò rí. Ìdọ́gba tí a gbọ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì, ọ̀gá ló fi òógùn rẹ̀ san àfikún owó náà. Ẹni tó ń gbọ́ kò rí i.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún wa bí a bá ti ń ráhùn nípa fèrè wa. Charlie Parker, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ sasofóònù alto fun jù lọ láyé, lọ ṣeré ní gbọ̀ngàn Massey Hall ní Toronto ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún 1953. Fèrè oníke funfun kan tí à ń pè ní Grafton ló lò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, owó rẹ̀ sì kéré sí ti onídẹ gan-an. Títí di òní, àwọn ènìyàn ṣì ń gbọ́ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ornette Coleman náà ra Grafton ní 1954 nítorí pé apá rẹ̀ kò ká ti onídẹ, ó sì fi di ìlúmọ̀ọ́ká. Nítorí náà, wọ́n á ní, "Bí ike bá lè ṣe iṣẹ́ yẹn, kí ni àwáwí tìrẹ?"

Ìtàn náà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n lílò tí wọ́n ń lò ó kò tọ́. Lọ́nà kìíní, Parker ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, òun máa ń fi wákàtí tó ju mẹ́wàá lọ kọ́ fèrè lójúmọ́ fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Orí ike kọ́ ló ti kọ́ ohun tó mọ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n kí ó tó gbé ike. Lọ́nà kejì, Grafton kò tọ́jọ́. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, ó lè fọ́, àtúnṣe rẹ̀ sì nira, wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní àwọn ọdún 1960. Ohun tí a ń sọ fún ọmọ kékeré pẹ̀lú ìtàn yìí ni pé kí ó ṣe ohun tí ọ̀gá ṣe, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí ọ̀gá nìkan lè kápá. Ohun tó tún ya mí lẹ́nu ni pé ní 1994, wọ́n ta Grafton Parker yìí ní gbàǹjo ní £93,500. Fèrè tó rọjú nígbà kan wá di ohun tí olówó ń jà dù, nítorí ẹnu tó fun ún.

Wọ́n tún máa ń dárúkọ Fẹlá fún wa. Ní 1973, nígbà tí Igo Chico tó ń fun sasofóònù tenor fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, Fẹlá gbé fèrè náà, ó sì kọ́ ọ fúnra rẹ̀ láàárín àkókò kúkúrú. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ó ti kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Trinity College ní London láti 1958, ó sì ti ń fun kàkàkí òyìnbó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orin ti wà lórí rẹ̀ kí sasofóònù tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Ìtàn tí mo rò pé ó kàn wá jù wà nítòsí wa, ní Ìbàdàn yìí. Orlando Julius, tí wọ́n bí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì ní 1943, wá sí Ìbàdàn ní 1957 nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ìlù ló kọ́kọ́ ń lù kí ó tó kọ́ sasofóònù, nígbà tó sì di 1966 ó gbé àwo Super Afro Soul jáde. Roy Chicago náà, tó ń fun sasofóònù, fi orin hailáìfù rẹ̀ mì Ìbàdàn. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ olórin kò ní fèrè tirẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ tàbí onílé ìtura ló ni ohun èlò, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń lò ó. Tálákà ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n fèrè tí ọ̀gá ń lò ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Lónìí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní fèrè tirẹ̀, èyí tí òbí fi gbèsè rà, ó sì ń bá a jà nínú yàrá rẹ̀ ní òun nìkan. Èwo ló sàn?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣé o fẹ́ kí ìyá rẹ lọ jalè kí ó lè ra Selmer ni?" Rárá o. Bí kò bá sí fèrè olówó pọ́ọ́kú, èmi àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi kì bá tí fọwọ́ kan sasofóònù láé, mo sì dúpẹ́ pé ó wà. Ohun tí mo ń bá wí ni irọ́ tó rọ̀ mọ́ ọn: pé bí o bá ti ra fèrè, ó ti parí, pé ohun tó bá kù, ọ̀lẹ rẹ ni. Owó tí ó wà lára fèrè ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe gbogbo owó rẹ̀. Tèmi kò di fèrè títí a fi fi ₦43,000 lé e. Ìyá tó bá ní ₦230,000 lọ́wọ́ ìbá sàn kó ra èyí tó jẹ́ ₦180,000, kí ó fi ìyókù ra orí tó dára kí ó sì fi san owó oníṣẹ́, ju kí ó ná gbogbo rẹ̀ sórí ohun tó ń dán.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mẹ́ta ni mo ní. Èkíní, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ má ṣe ra fèrè láìmú ẹni tó mọ̀ ọ́n fun dání. Kí ó fun ohùn tó rẹlẹ̀ jù níbẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí kò bá jáde fún un, kò ní jáde fún ọmọ yín. Èkejì, ẹ̀yin olùkọ́ wa, kí ẹ tó sọ fún ọmọ pé èémí rẹ̀ kò tó, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú fèrè rẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọmọ kò lè mọ̀ bóyá òun ni tàbí fèrè ni. Ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ẹ̀kẹta, ó yẹ kí ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì padà sí ọ̀nà àwọn olórin Ìbàdàn àtijọ́: kí wọ́n pawọ́ pọ̀ ra ẹyọ kan tó dára gidi, kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa lò ó ní ìyàn-ìyàn. Bí ọmọ bá ti gbọ́ bí òun ṣe ń dún lórí fèrè tó péye, yóò mọ ohun tó ń wá nígbà tó bá padà sórí tirẹ̀.

Ìdájọ́ mi nìyí. Bí ẹ bá bi mí pé ṣé sasofóònù olówó pọ́ọ́kú lè bá ti olówó gọbọi dọ́gba, èmi náà á bi yín pé, lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ ọ̀gá, fún orin kan, fún alẹ́ kan, ó lè dọ́gba débi tí etí kò fi ní mọ̀. Lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò lè dọ́gba, àfi bí ẹlòmíràn bá ràn án lọ́wọ́. Ní ti pípẹ́ láyé, kò tíì hàn sí mi. Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì, irin kan sì ti tún ń mì lára rẹ̀.

Mo ṣì ń fun ún. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún màmá mi pé, "Ìyá ọmọ, fèrè yẹn á mà wọ́n o." Màmá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó wọ́n." Kò sọ iye tó rà á, n kò sì rò pé irọ́ ló pa.